Ọkọ̀ Agolo Tí Mo Kàn fún Ọmọ Mi

Ọmọ tí mo lóyún rẹ̀, tí mo bí pẹ̀lú ariwo tí gbogbo Kémta gbọ́, Àǹtí ló ń pè mí. Kì í ṣe Mọ́mì. Àǹtí! Tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, tó wá ṣe kòńgẹ́ pé kò tíì sùn, yóò kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, yóò ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, Àǹtí," bí ẹni ń kí oníbàárà ìyá mi. Inú á bí mi. Ṣùgbọ́n ta lèèyàn fẹ́ nà? Ọmọ tó kúnlẹ̀ kí ẹ?

Mo mọ ibi tó ti kó o. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Abẹ́òkúta ni mò ń sùn. Nígbà tí mo bá ń sáré lọ bá ọkọ̀ ojú irin àárọ̀, ọmọ ṣì ń hanrun. Nígbà tí mo bá fi máa padà dé, ó ti jẹun, ó ti wẹ̀, ó ti tún sùn. Pọtákọ̀ọ́tù ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, òpin oṣù ló ń wálé, ìyẹn ni mo ṣe kó padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Kémta, kí ọmọ lè rẹ́ni máa wò ó. Àwọn ọmọbìnrin tó ń bá ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtókù máa ń wá sílé, Àǹtí ni wọ́n ń pè mí. Àǹtí lọmọ mi náà ń pè wọ́n, ó sì da èmi náà mọ́ wọn. Ìyá mi ni Màmá. Kò burú. Èyí tó wọ̀ mí ní akínyẹmí ara ni pé bàbá rẹ̀, tó jẹ́ pé inú fóònù ni wọ́n ti máa ń ríra, Dádì ló ń pè é. Ọkùnrin tó ń gbé inú fóònù di Dádì, èmi tí mo fún un lọ́yàn di Àǹtí! Ẹ ò rí ayé bí?

Rìbá ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo ra bisikíìtì, mo gbé e sókè níwájú rẹ̀, mo ní, "Pè mí ní Mọ́mì kí n fún ẹ." Ó wo bisikíìtì, ó wò mí, ó ronú bí àgbààgbà. Ó ní, "Àǹtí Mọ́mì."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Kí ló wà nínú Àǹtí? Ṣé ó bú ẹ ni?"

Mo ní kò bú mi.

Ó ní, "Gbé bisikíìtì ẹ fún un, jàre. Bá ọmọ ṣeré. Ẹni tó bá ọmọdé ṣeré lọmọdé ń mọ̀."

Bá ọmọ ṣeré! Ó rọrùn lẹ́nu. Èmi ò mọ eré ṣe, ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo dàgbà sí, aṣọ ni mò ń ká nígbà tẹ́gbẹ́ mi ń ta òkòtó. Tí wọ́n bá ní kí n to ìdì àdìrẹ kó dọ́gba, mo lè tò ó títí dé òrùlé. Ṣùgbọ́n kéèyàn jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin, kó máa fi nǹkan ṣe nǹkan, n ò mọ ibi tí wọ́n ti ń dì í mú. Síbẹ̀, mo pinnu. Mo ní gbogbo Sátidé tí n kì í lọ síbi iṣẹ́, èmi àtọmọ yìí la jọ máa ṣe nǹkan ìṣeré, títí yóò fi mọ ẹni tó bí i.

Sátidé àkọ́kọ́, inú fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Obìnrin òyìnbó kan jókòó sídìí tábìlì tó mọ́ tónítóní, ó mú páálí tó máa ń wà nínú tíṣù, ó gé e, ó kùn ún, ó di labalábá. Ọmọ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Mo ní ṣebí páálí náà ni! Mo já tíṣù ilé wa títí tí páálí inú rẹ̀ fi yọ, mo mú àlùmọ́gàjí tí ìyá mi fi ń gé aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀. Mo gé apá ọ̀tún, ó tóbi jù. Mo gé tòsì, ó kéré jù. Mo tún ọ̀tún gé kó lè bá tòsì mu, ó wá kéré ju tòsì lọ. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, ohun tó wà lọ́wọ́ mi jọ adìyẹ tí mọ́tò gbá.

Ọmọ mi wò ó, ó gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó ti kú ni?"

Mo ní rárá o, ó ń sùn ni.

Ó bá lọ mú àjákù aṣọ kan, ó fi bò ó. Ó wá ń káàkiri ilé, ó ń fìka sẹ́nu, "Ṣṣṣ, labalábá Àǹtí ń sùn." Ìyá mi fẹ́ pe ẹnìkan lórí fóònù, ọmọ ní kí Màmá lọ síta. Àní títí dìrọ̀lẹ́ la fi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé wa nítorí páálí.

Sátidé kejì, mo ní ká fi ti òyìnbó sílẹ̀. Ọmọlangidi ni mo fẹ́ ṣe. Ṣùkù àgbàdo la ó fi ṣe ara, àjákù àdìrẹ la ó fi ṣe aṣọ, irun orí àgbàdo la ó fi ṣe irun. Ohun tí n ò ní ni gọ́ọ̀mù. Ojú mi wá lọ sára ìkòkò ẹ̀kọ láfún tí ìyá mi sè kalẹ̀ fún àwọn tó ń fìyẹ́ ya ọnà sára àdìrẹ. Ẹ̀kọ yìí ki, ó fà, mo sì mọ̀ pé tó bá mú aṣọ, kò ní tètè jọ̀wọ́ ẹ̀. Mo bu púpọ̀. Mo lẹ irun mọ́ orí ṣùkù, mo fi bírò ya ojú àti ẹnu sí i, mo sá a sórí odi kó gbẹ, a wọlé lọ jẹun.

Adìyẹ aládùúgbò wa ò jẹ́ kó gbẹ. Nígbà tá a máa fi jáde, wọ́n ti ṣa ẹ̀kọ láfún jẹ tirun-tirun. Ọmọ mi sáré wọlé lọ fẹjọ́ sùn, "Màmá, adìyẹ ti jẹ irun ọmọ Àǹtí!"

Ìyá mi jáde. Ó gbé ọmọlangidi náà wò, orí pípá, ojú ràkọ̀ràkọ̀. Ó ní, "Háà. Ta nìyí? Kí ni wọ́n ṣe fún un?"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọ, torí tí mo bá lanu, ìjà ni.

Ó yà mí lẹ́nu pé ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gba gèlè ìyá mi, ó pọ̀n ọ́n, ó ní òun ń lọ kí àwọn ará ìta. Ara mi yá gágá. Mo ní bóyá ọ̀rọ̀ Àǹtí yìí yóò tán lónìí. Kò tíì débi kànga àdúgbò tí mo gbọ́ igbe rẹ̀: "Yéè! Orí ọmọ Àǹtí já o! Orí ọmọ Àǹtí já bọ́ sílẹ̀ o!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo òpópónà wa tú jáde. Èmi làwọn ọmọ àdúgbò mọ̀ sí Àǹtí, ọmọ kan ṣoṣo ni mo sì bí. Ẹni tó ń wẹ̀ jáde tòun ti ọṣẹ lójú. Ìyá arúgbó ilé kejì, tó jẹ́ pé ọ̀pá ló fi ń rìn, sọ ọ̀pá nù, ó sì ṣáájú gbogbo wa débẹ̀. Orí ṣùkù àgbàdo la bá nílẹ̀, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ bí mo ṣe yà á. Ìyá arúgbó wo orí, ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ lo ṣe èyí? Kí Ọlọ́run dárí jì ẹ́." Ó wá ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀pá òun.

Lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí n máa ra nǹkan ìṣeré lọ́jà báwọn ẹgbẹ́ mi. Mo ní n ò rà. Inú ń bí mi, mo sì tún fẹ́ sunkún, torí lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi lọmọ ọ̀hún dì mọ́ sùn, èmi tí mo ti ń ṣe wàhálà láti àárọ̀, ó kàn juwọ́ sí mi ni. "Ó dàárọ̀ o, Àǹtí." Mo dùbúlẹ̀, mò ń wo àjà. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọkọ̀ agolo.

Nígbà tá a wà ní kékeré, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń fi agolo mílíìkì kan mọ́tò. Wọ́n ní obìnrin kì í ṣe é. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fún mi ò ju pé kí n lọ bá wọn jí sálúbàtà gbé, torí ìsàlẹ̀ bàtà rọ́bà ni wọ́n fi ń gé táyà. Wọ́n á máa wí fún mi pé, "Èyí tó bá nípọn ni kó o mú, tó bá fẹ́lẹ́, táyà á tẹ̀." Mo wò wọ́n títí, ojú mi gbọ́n, ọwọ́ mi ni wọn ò jẹ́ kó débẹ̀.

Sátidé kẹta mọ́ báyìí, mo ti wà ní ẹ̀yìnkùlé tèmi tọmọ, òòlù lọ́wọ́ mi, ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dá agolo mílíìkì ńlá dùbúlẹ̀, mo gé ẹ̀gbẹ́ kan kó lè ṣojú fèrèsé, mo ń fi ìṣó lu ihò tí wáyà táyà máa gbà kọjá. Inú tó ń bí mi látọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé ka orí agolo yìí. Gbàà! Gbàà! Gbàà!

Ìyá mi yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Rọra o. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ ní bàtà àtijọ́?"

Ó ní, "Wo ẹnu ọ̀nà, níbi bútà. Ṣebí bàtà àlùwàlá kún ibẹ̀. Mú èyí tó bá wù ẹ́."

Irú ilé tiwa, kò sí kí bàtà àlùwàlá má sí lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà tí kò lólúwa ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á gbé bútà, á lọ. Nígbà míì, ọ̀tún ti ẹnìkan ló ń bá òsì ẹlòmíì gbé, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Mo dá ìyá mi lóhùn pé mo ti gbọ́, mo bá tún gbájú mọ́ agolo mi. Ariwo òòlù yẹn pọ̀ débi pé tí wọ́n bá ń kó ẹrù ilé wa lọ, n ò ní gbọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn bàtà àlùwàlá tí mo bá níbẹ̀ ti jẹ tán, wọ́n fẹ́lẹ́ bí àkàrà pẹlẹbẹ. Àfi ọ̀kan. Sálúbàtà aláwọ̀ ilẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó lágbára, ó ń pè mí. Mo ní Ọlọ́run ń bẹ lẹ́yìn mi! Mo yí i padà, mo rí i pé wọ́n ti kán kútẹ́ẹ̀sì pupa bíńtín sí abẹ́ gìgísẹ̀ ti òsì. Ẹni tó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ ohun tí irú ààmì bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí: olóhun ló fi ń dá bàtà rẹ̀ mọ̀ nígbà tí ìrun bá parí, tí bàtà bá pọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìdí mọ́ṣáláṣí ni mo dàgbà sí. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ò ju pé táyà kan máa ní ojú pupa, yóò wu ọmọ mi.

Bí mo ṣe kó o padà sẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń ṣàdúà nínú pálọ̀. Kò bá mi lójijì. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni ìyá mi máa ń tan rédíò sí ibi wáàsí. Mo tiẹ̀ ń ṣe àmín sí i bí mo ṣe ń gé bàtà lọ. Ohùn náà ní, "Ẹsẹ̀ wa ò ní kọ." Mo ní, "Àmín." Mo gé táyà kan. Ó ní, "A ò ní fẹsẹ̀ lásán rìn níbi tẹ́gbẹ́ wa ti ń wọ bàtà." Mo ní, "Àmín o, Ọlọ́run." Mo gé ìkejì. Bàtà ọ̀tún fún mi ní táyà mẹ́ta, ó tán, mo bá mú tòsì fún ẹyọ kan tó kù, èyí tó lójú pupa.

Ó wá kan ká ti wáyà bọ inú agolo. Ọwọ́ mi ò wọ̀ ọ́. Mo tì í, mo fà á, agolo gé mi lọ́wọ́, mo bú agolo. Ọmọ mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é." Ó ti ọwọ́ kékeré rẹ̀ bọ inú agolo, ó di wáyà mú, ó yọ ọ́ sí mi ní òdìkejì, wẹ́rẹ́. Àwọn àgbà ti sọ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo ti ń gbọ́ ọ látijọ́, ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i. Ó ń wò mí láti òdìkejì agolo, òógùn bò ó nímú. A jọ ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ̀ ọ́. A so okùn mọ́ ọn nímú.

Ó fà á. Ọkọ̀ náà lọ!

Kò kú. Orí rẹ̀ ò já. Ó ń dún wàràwàrà lórí sìmẹ́ńtì, ojú pupa yẹn ń yí po, ọmọ ń pariwo, "Ó ń lọ! Ó ń lọ!" Wọ́n ní bíṣu ẹni bá ta, kéèyàn fọwọ́ bò ó jẹ. Èmi ò bo nǹkan kan. Èmi náà ń pariwo, mò ń sọ pé kí gbogbo ilé jáde wá wo mọ́tò. Ẹnu ọ̀nà iwájú la sáré já sí.

Kọ́tìnnì pálọ̀ ṣí. Ìyá mi yọ. Àáfà yọ lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe rédíò! Àáfà ìdílé wa ni, ọkùnrin ńlá, ó wọ jàlàbíyà funfun báláú, fìlà rẹ̀ le kandí. Ó ń lọ sí ìsọmọlórúkọ kan ní Aké, ó ní kí òun yà ṣàdúà fún ìyá mi kọjá. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Àlùbáríkà! Ta ló ni mọ́tò yìí?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó fìka ta táyà, ó yí. "Ẹ wo táyà! Táyà gidi nìyí. Níbo lẹ ti rí rọ́bà tó nípọn báyìí?"

Mo lanu pé kí n fọ́nnu. Ó ti kọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀, ó ní, "Alájà, ẹ gbà mí, bàtà mi dà?"

 Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán. Mo dáràn!

Ìyá mi gbé ẹní, ó wo abẹ́ àga, ó wo ẹ̀yìn bútà. Ó ní bóyá ajá ló gbé e. Àáfà ní, "Ajá ta ni?" Èmi náà bá wọn wá a. Kí n má parọ́, mo wá a ju gbogbo wọn lọ. Mo wo inú gọ́tà. Mo wo orí odi. Mo ní, "Irú bàtà wo tiẹ̀ ni, Àáfà?" Ibi tá a ti ń wá a lọmọ mi ti fa mọ́tò kọjá láàárín wa, wàràwàrà, ojú pupa ń yí, ó ń yí.

Àáfà dúró. Ó fi ojú tẹ̀ lé e lọ, ó fi ojú tẹ̀ lé e bọ̀. Ó gbé mọ́tò nílẹ̀, ó sún un mọ́jú. Ó ní, "Kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi nìyí."

 Ìyá mi wò mí. Èmi wo òrùlé.

Àáfà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ dáadáa, ta ló ṣe mọ́tò yìí fún ẹ?"

Mo ti fi oṣù bíi mélòó kan gbàdúà kí ọmọ yìí yéé sọ pé Àǹtí. Lójú ẹsẹ̀ yẹn, mo yí àdúà padà. Ọlọ́run, jẹ́ kó sọ pé Àǹtí ni. Àǹtí pọ̀ nínú ilé yìí. Wọ́n lè máa wá a títí dìrọ̀lẹ́.

Ọmọ náà na àyà. Ó nàka sí mi gbọnrangandan. Ó ní, "Mọ́mì mi ni! Mọ́mì mi ló gé e. Èmi àti Mọ́mì mi la jọ ṣe é."

Mo wó lulẹ̀ síbẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ìyá mi fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, n ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Àáfà rò pé ìtìjú bàtà ló ń pa mí. Ó ní, "Ó tó, ó tó, bàtà ni. Ó ti tán. Má sunkún mọ́." Olóore ọkùnrin! Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà àlùwàlá méjì, òsì àti òsì, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ó gbá jàlàbíyà rẹ̀ mọ́ra, ó ń tiro lọ sí ìsọmọlórúkọ.

Ó ti dé ẹnu géètì kí n tó dìde. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Àáfà," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ forí jì mí. Ẹ tún bi í léèrè, ta ló gé bàtà yín."